Ìwé Tí Ó Dé Ọwọ́ Aṣèwéjáde Tí Kò Padà Wá

Ìwé ńlá tí a ń pè ní The History of the Yorubas, èyí tí orúkọ Samuel Johnson wà lójú rẹ̀, ni ìwé tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sá tọ̀ nígbà tí àríyànjiyàn bá ṣẹ̀ lórí oyè, lórí ààlà ilẹ̀, tàbí lórí ìlú tí ó ṣáájú ìlú kejì. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́ka sí i pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wọn kọ́ ni ìwé tí Johnson fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí a sì fi ránṣẹ́ sí òkè òkun ní 1899. Èyí tí ó kọ sọnù sọ́wọ́ aṣèwéjáde kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí a ń kà lónìí jẹ́ iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, onímọ̀ ìṣègùn òyìnbó tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní London àti ní Edinburgh, ẹni tí ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó sì tún ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìwé àfọwọ́kọ ni ìwé tí òǹkọ̀wé fi gègé àti yíǹkì kọ, kí ẹ̀rọ kankan tó fọwọ́ kàn án. Òǹtẹ̀wé ni ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí pépà. Aṣèwéjáde ni ẹni tí ó ń gba ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tí ó ń pinnu bóyá yóò jáde tàbí kò ní jáde, tí ó ń san owó òǹtẹ̀wé, tí ó sì ń wá ọjà tí yóò ti tà á. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan náà ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pe àwọn méjèèjì ní òǹtẹ̀wé láìka ìyàtọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà ayé àwọn Johnson, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìyàtọ̀ náà wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé ìtàn yìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ aṣèwéjáde ni ìwé àkọ́kọ́ ti sọnù, nígbà tí ìwé kejì jàjà dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé lẹ́yìn tí ogun àgbáyé ti dá a dúró lọ́nà fún nǹkan bí ọdún méjì.

Ọmọ Sàró ni àwọn Johnson. Sàró ni orúkọ tí àwọn ará Èkó fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí ó sì kó lọ sí Sierra Leone, àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wá sílé lẹ́yìn náà. Ìlú Hastings, tí kò jìnnà sí Freetown, ni wọ́n ti bí Samuel ní 1846 àti Obadiah ní 1849. Bàbá wọn, tí wọ́n ń ka ìran rẹ̀ kan Aláàfin Abíọ́dún, kó ìdílé rẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní 1857 láti ṣiṣẹ́ ìhìnrere lábẹ́ David Hinderer, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ Jámánì. Ìbàdàn ìgbà ogun ni àwọn ọmọ náà bá, ìlú tí àwọn Balógun ń jáde tí wọ́n ń wọlé, tí ìròyìn ogun sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Samuel lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó di olùkọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà, ó sì ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ọ̀nà ti Obadiah yà sí ibòmíràn: ó gba ìmọ̀ ìṣègùn ní King's College ní London, ó sì gba oyè dókítà ní Yunifásítì Edinburgh ní 1889 pẹ̀lú ìwé ìwádìí lórí ọ̀nà tí a ń gbà wo àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó padà sí Èkó, ó ṣe dókítà lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ó sì jókòó fún ọdún mélòó kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ kan tí Samuel ṣe kí ó tó di òǹkọ̀wé, nítorí pé iṣẹ́ náà ni kí a gbé ìwé fún ènìyàn, kí ìwé náà sì dé. Nígbà tí ogun Kírìjì gbóná, tí Ìbàdàn dojú kọ àwọn Èkìtì Parapọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, tí ọ̀nà sì dí láàárín òkè àti etí òkun, Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí gómìnà Èkó ní 1881, pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Samuel Johnson ni wọ́n yàn pé kí ó gbé e lọ. Ó gbé e dé. Ní 1886, nígbà tí gómìnà fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ogun méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, òun àti Charles Phillips, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, ni wọ́n tún rán láti Èkó lọ sí ibùdó ogun. Nínú ìtàn tí ó kọ, ó to ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà ìgbà ogun náà sílẹ̀ bí wọ́n ti rí, pẹ̀lú ọjọ́ wọn àti orúkọ àwọn tí ó fọwọ́ sí wọn, débi pé ẹni tí ó bá ka apá ìkẹyìn ìwé náà yóò rò pé fáìlì ọ́fíìsì ni òun ṣí. Ẹni tí kò jẹ́ kí ìwé ọba sọnù lójú ogun ni ìwé tirẹ̀ sọnù lójú àlàáfíà.

Ìwé tirẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí a fi oṣù díẹ̀ kó jọ. Ó parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ohun tí ó ti pẹ́, ó gbára lé àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́ tí iṣẹ́ ìdílé wọn jẹ́ kí wọ́n máa pa ìtàn àwọn Aláàfin mọ́ sórí, kí wọ́n sì máa fi ohùn kì í. Fún ohun tí ojú ṣì rántí, ó bi àwọn àgbà tí ọ̀ràn ṣojú wọn léèrè, ó sì dárúkọ díẹ̀ nínú wọn, bíi Josiah Oni àti Tìmì Ẹdẹ, Lágunjú, tí òkìkí rẹ̀ kàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ìtàn. Fún ogun ìgbà ayé rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ni ó fi rí púpọ̀. Ìdí tí ó fi ṣe é kò rúni lójú: ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Róòmù ju ìtàn ilé wọn lọ, ó sì rí i pé àwọn arúgbó tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ni ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí ronú lórí ohun tí a dì sínú ẹrù kan ní 1899. Ìwé tí ó jáde lẹ́yìn náà lé ní 600 ojú ewé lẹ́tà kékeré. Àfọwọ́kọ irú rẹ̀ yóò jẹ́ òkìtì pépà tí ọwọ́ méjì gbọ́dọ̀ gbé. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní láti kọ ọ́ kí ó hàn kedere, nítorí pé ní ilé ìtẹ̀wé ìgbà náà, òṣìṣẹ́ kan ni yóò dúró níwájú àpótí lẹ́tà òjé, tí yóò máa wo ìwé àfọwọ́kọ, tí yóò sì máa ṣa lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tò ó di ìlà. Òyìnbó tí kò rí Yorùbá rí ni yóò to orúkọ bí Olúgbọ́n, Arẹ̀sà àti Oníkòyí. Bí òǹkọ̀wé bá gbàgbé àmì kan lábẹ́ ẹ tàbí lábẹ́ s, kò sí ẹni tí yóò bá a rántí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òǹtẹ̀wé yóò tẹ ìwé àyẹ̀wò, tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kà kí ó ṣàtúnṣe, tí ọkọ̀ ojú omi yóò sì máa gbé lọ gbé bọ̀ láàárín Liverpool àti Èkó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́, ilẹ̀ Yorùbá ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ láti ìgbà tí Henry Townsend ti gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1859, Òtúnba Payne sì ti tẹ àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1893. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó nípọn tó ti Johnson, tí a sì fẹ́ kí ayé kà, òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ.

Àwọn ará Ìkòsì ní Èkó kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí ewu irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi wébílì, ìyẹn ẹrù tí a fi rán awakọ̀, ránṣẹ́ láti gáréèjì Kétu tàbí Mile 12 rí mọ̀ pé kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹni tí ó ni ẹrù ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, ó ti gba nọ́ńbà fóònù dírẹ́bà, ó sì ti pe ẹni tí yóò gbà á ní ìlú kejì kí ó lọ dúró. Bákan náà, ọlọ́jà tí ó ń ta tòmátò ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12, tí ó sì já rìsíìtì fún oníbàárà, kò fún un ní pépà méjèèjì: kábọ́ọ̀nù dùbúlẹ̀ láàárín, ewé òkè bá oníbàárà lọ, ẹ̀dà ìsàlẹ̀ kù sínú ìwé. Ẹ̀dà ni àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹ̀dà mímọ́ kankan ti ìwé 1899 tí ó kù nílé tí wọ́n lè tún fi ránṣẹ́. Ohun tí ó kù ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ráfù, tí òǹkọ̀wé ti fa ìlà pa síbí, tí ó ti fi ọ̀rọ̀ há ẹ̀gbẹ́ ewé lọ́hùn-ún.

Bí ìwé náà ṣe sọnù, Obadiah ni ó sọ ọ́, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ sí ìwé tí ó jáde lẹ́yìn náà, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí ṣùgbọ́n tí ó ń wo ẹnu ara rẹ̀. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí aṣèwéjáde olókìkí kan nípasẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ajíhìnrere ńlá. Kò dárúkọ aṣèwéjáde náà, kò sì dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ní 1900, dókítà náà ní ìdí tí ó fi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá aṣèwéjáde náà. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ìwé náà ti ṣì lọ sí ibìkan, pé wọn kò rí i, àti pé wọ́n ṣe tán láti san owó rẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn wúwo. Ẹni tí ó sọ pé òun yóò san owó ìwé tí ó sọnù ti gbà pé ìwé náà dé ọwọ́ òun. Kò lè sọ mọ́ pé ọkọ̀ ni ó gbé e rì. Ó sì tún fi hàn pé ojú ọjà ni ó fi ń wò ó, bí ẹni tí ó fọ́ àwo ọlọ́jà tí ó sì ń béèrè iye tí yóò san. Àmọ́ iye wo ni a ó dá lé ẹ̀rí Tìmì Lágunjú? Ta ni yóò tún lọ jókòó ti arọ́kin tí ó ti kú? Obadiah kò sọ pé àwọn gba owó náà. Ohun tí ó sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà ya òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun lẹ́nu débi pé wọn kò lè ṣàì rò pé nǹkan wà nínú ẹ̀fọ́ ju gbúre lọ, pàápàá nítorí àwọn nǹkan mìíràn tí ó rọ̀ mọ́ ìsọnù ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àwọn kan ti fi ìdákẹ́jẹ́ yìí hun oríṣiríṣi ìtàn, pé àwọn òyìnbó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìwé náà pamọ́ kí ògo ọba Yorùbá má baà hàn. Ẹ̀rí kò tó fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àìbìkítà nìkan tó láti pa ìwé, kò nílò ọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n àìbìkítà sí iṣẹ́ ọmọ Áfíríkà ní àsìkò tí ìjọba amúnisìn ń gbilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè pè ní èèṣì lásán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àjọṣe òǹkọ̀wé àti aṣèwéjáde ṣe lè rí nígbà tí nǹkan bá dára lè wo Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣàlàyé bí ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Edinburgh kan náà tí Obadiah ti gba oyè ni Darwin ti kọ́kọ́ gbìyànjú ìmọ̀ ìṣègùn nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì sá fún un. Nígbà tí ó fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹ̀yà jáde ní 1859, lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ kọ sí John Murray, aṣèwéjáde rẹ̀ ní London, tí ó to orí ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un. Murray gbà láti gbé e jáde kí ó tó rí ìwé àfọwọ́kọ náà pàápàá, Darwin ni ó tún ń sọ fún un pé bí ó bá kà á tí kò wù ú, ó lè yẹ àdéhùn. Ẹ̀dà 1,250 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ó sì jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí Ìwé Ìròyìn tó jáde ní Abẹ́òkúta. Ilé-iṣẹ́ Murray kì í da lẹ́tà nù. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ń kó wọn pamọ́, tí ìkójọ náà fi di ohun ìní Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè Scotland ní Edinburgh ní 2006, a sì lè ka lẹ́tà Darwin sí aṣèwéjáde rẹ̀ lónìí.

Àmọ́ kí a má fi èyí bú baba wa, nítorí pé ìwé àfọwọ́kọ Darwin fúnra rẹ̀ kò yè. Nígbà tí ìwé ti di títẹ̀ tán, kò ka àfọwọ́kọ sí mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ewé náà yàwòrán, ọ̀kan nínú wọn sì ya ogun àwọn èso àti ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ewé kan, níbi tí ọmọ ogun ti gun kárọ́ọ̀tì bí ẹṣin, àwòrán tí yóò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ná ẹ̀fọ́ ní Mile 12. Nítorí àwòrán ọmọdé ni díẹ̀ nínú ewé náà ṣe yè. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n a máa wọ́n: ewé kan tí Darwin fi ọwọ́ kọ ní 1865 fún Hermann Kindt, olóòtú ìwé ìròyìn kan tí ó ń tẹ àwòrán ìkọ̀wé àwọn ènìyàn ńlá, ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní 2022 ní iye tí ó ju 600,000 pọ́n-ùn lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Darwin àti Johnson ni pé ti Darwin ti di ìwé títẹ̀ kí àfọwọ́kọ tó ṣègbé. Ti Johnson ṣègbé ná.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Samuel tí ó ń yani lẹ́nu ju gbogbo èyí lọ. Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọ, ó di dandan fún un láti máa kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún, ní òkè òkun: ẹni tí ó wàásù fún, ẹni tí ó kú, ogun tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó rí lójú ọ̀nà. Àwọn ìròyìn wọ̀nyẹn, tí ó kọ pẹ̀lú ọwọ́ kan náà àti irú yíǹkì kan náà, wà síbẹ̀. Wọ́n wà nínú àkójọ ìwé CMS ní Yunifásítì Birmingham, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń kà wọ́n. Ìwé tí ó kọ nítorí iṣẹ́ yè, èyí tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ sọnù. Kì í ṣe pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ọ̀kan rí akọ̀wé tí ó fún un ní nọ́ńbà, tí ó sì fi í sí fáìlì, èkejì kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Samuel kú ní oṣù Kẹrin 1901, ọdún kan lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ gbọ́ èsì aṣèwéjáde náà. Iṣẹ́ wá kan dókítà. Ó jẹ́wọ́ pé títóbi iṣẹ́ náà dẹ́rù ba òun, àti pé iṣẹ́ ìṣègùn kò jẹ́ kí ààyè wà, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń yí lu ọdún, kódà I. B. Akínyẹlé ti gbé Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tirẹ̀ jáde ní 1911 kí ti Johnson tó rí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú àti tún ọ̀rọ̀ elòmíràn kọ láti inú ráfù yóò mọ ìdí tí ó fi pẹ́. Oníráfù máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú nítorí pé ó mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Ó lè kọ orúkọ ogun kan kí ó má kọ ọdún, ó lè kọ pé kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí orí mìíràn kí ó má sọ orí wo. Àǹfààní tí Obadiah ní ni pé ó ti wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ dàgbà ní Ìbàdàn, wọ́n sì jọ mọ àwọn ènìyàn tí ìtàn náà ń sọ. Ó sì jẹ́ ẹni tí ìtàn wà lára rẹ̀: ní 1901 kan náà, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba fún àwọn ará Èkó lórí bí ìlú náà ti rí ní àtijọ́. Ní ìparí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ni ó fi Àjàgbé Ògún, oríkì àti orílẹ̀ rẹ̀, kún orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ó parí rẹ̀, tí ó sì tún fi í lé ọ̀nà òkun lọ́wọ́, àgbákò mìíràn ló lọ bá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní 1916, ọkọ̀ Appam gbé ìwé náà kúrò ní Èkó. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti ń jà. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, nítòsí erékùṣù Madeira, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí ó fara pamọ́ bí ọkọ̀ ọjà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Möwe, dá Appam lọ́nà, ó sì gbà á pẹ̀lú gbogbo ènìyàn inú rẹ̀, tí gómìnà Sierra Leone wà lára wọn. Dípò kí wọ́n rì í, àwọn ọmọ ogun Jámánì díẹ̀ wà á kọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà nínú ogun náà nígbà yẹn. Wọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì, nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé ọkọ̀ náà ti rì. Ẹjọ́ lórí ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí ó dájọ́ ní oṣù Kẹta 1917 pé kí wọ́n dá a padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ni í. Báyìí ni ìtàn àwọn Aláàfin àti ti ogun Kírìjì, tí wọ́n dì sínú ẹrù, ṣe di ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé.

Nígbà tí ó dé, pépà ti wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ogun, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró kí ogun parí. Obadiah kò dúró lásán. Ó ní kí wọ́n dá ìwé náà padà fún òun, ó sì pinnu pé wọn yóò fi táípúráítà tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń fi ìka tẹ lẹ́tà sórí pépà, kí ó má baà tún sọnù. Pépà táípù pàápàá di ohun tí a ń wá kiri. Ìgbésẹ̀ yìí ni ó fi hàn pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1899 kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí: ẹni tí ejò ti bù jẹ, bí ó bá rí ekòló, á sá. Dókítà náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde, ilé-iṣẹ́ aṣèwéjáde George Routledge ni ó gbé e jáde ní London fún ilé ìtàwé CMS ní Èkó. Kò sí èyí tí ó wà láyé nínú àwọn méjèèjì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ìwé Johnson jà lórí oyè tàbí lórí ilẹ̀ yẹ kí ó rántí pé ohùn méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ti àlùfáà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu arọ́kin àti ti dókítà tí ó tún un tò ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sì sí ọ̀nà láti fi èyí tí ó sọnù wé èyí tí ó jáde. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, láti orí J. F. Adé Àjàyí tí ó kọ nípa Samuel Johnson ní 1964 dé orí Tóyìn Fálọlá tí ó ṣe olóòtú ìwé àkójọ kan lórí rẹ̀ ní 1993, ti fi ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ó fi ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bóyá ìwé 1899 ì bá dín in kù, bóyá ì bá sì pọ̀ sí i.

Ìwé àfọwọ́kọ ṣì ń sọnù, kì í sì í ṣe ní òkè òkun nìkan. Ní ọ̀nà Ìkòsì bí ti ibi gbogbo, ẹlẹ́pà àti alákàrà ṣì ń fi pépà tí a ti kọ nǹkan sí di ọjà, kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè ibi tí pépà náà ti wá: ìwé ọmọ ilé-ìwé ni púpọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá àgbà bá kú tí wọ́n sì ń kó yàrá rẹ̀ dànù, ìwé ẹgbẹ́, lẹ́tà àtijọ́ àti ìtàn ìdílé tí ó fi gègé kọ lè bá wọn lọ. Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Orílẹ̀-Èdè wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè ya àwòrán ewé kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sán kan. Ẹni tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ bá wà nílé rẹ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀ ná, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó lè ka ìkọ̀wé àtijọ́ wò ó, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e fún ẹlẹ́pà.